Gún Kì Í Ṣe Gún Pa: Àlámọ̀rí Ìwádìí Ìpakúpa Nanjing

Àwọn kan wà ní ilẹ̀ Jàpáànì, tí wọ́n ń pe ara wọn ní onímọ̀ ìtàn, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn wọn pé kò sí ìpakúpa kankan ní ìlú Nanjing ní ọdún 1937, tàbí pé bí ó bá tilẹ̀ wáyé, kò ju ohun tí ojú ń rí nínú ogun gbogbo lọ. Wọn kì í sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Inú ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, wọ́n ń tà á, àwọn ènìyàn sì ń rà á. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ yìí ni ìwádìí. Orúkọ náà gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ó ní làákàyè gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ ta iyanrìn ní iye owó iyọ̀, orúkọ iyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jí.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Jàpáànì lẹ́nu àwọn bàbá tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ogun Bọ́mà láàrin ọdún 1943 sí 1945. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Nàìjíríà kankan tó gbé ìbọn dé Bọ́mà, àwọn ará Ṣáínà ti wà nínú iná náà fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1931 ni àwọn ọmọ ogun Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí gba Manchuria, ìyẹn ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà. Ní oṣù Keje ọdún 1937 ogun bẹ́ sílẹ̀ ní kíkún. Wọ́n gba Shanghai ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sì kọjú sí Nanjing, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ṣáínà nígbà náà. Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ni ìlú náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Fún ọ̀sẹ̀ 6 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ ogun tí ó ti ju ìbọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pa aráàlú, tí wọ́n ń fi ipá bá obìnrin lò, tí wọ́n ń jó ilé, tí wọ́n sì ń kó ẹrù. Matsui Iwane, ọ̀gágun tí ó jẹ́ olórí wọn, gba ìdájọ́ ikú ní ilé ẹjọ́ àgbáyé tí ó jókòó ní Tokyo, a sì so ó kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1948. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kí ni ó tún kù tí wọ́n ń jiyàn lé lórí? Ilé kan ṣoṣo tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ilé náà ni ojúlé karùn-ún ní Xinlukou, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nanjing. Ìdílé méjì ni ó ń gbé inú rẹ̀. Mùsùlùmí ni onílé, Ha ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 4, èkejì ọmọ ọdún 2. Ìdílé Xia ni ayálégbé: bàbá, ìyá, àwọn òbí ìyá tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, àti ọmọ márùn-ún. Ènìyàn 13 lápapọ̀. Ní ọjọ́ tí ìlú ṣubú, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì bí 30 kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Ha ni ó ṣí i fún wọn. Ìbọn ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ọ̀gbẹ́ni Xia kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa ẹlòmíràn. Wọ́n pa òun náà. Ìyàwó Ha béèrè ìdí tí wọ́n fi pa ọkọ òun. Wọ́n yìnbọn fún un. Wọ́n fa ìyàwó Xia jáde láti abẹ́ tábìlì tí ó sá sí pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Wọ́n fi ipá bá a lò, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 16 àti 14, kí wọ́n tó pa wọ́n. Ìyókù kò ṣe é kọ sínú ìwé tí ọmọdé lè kà. Ìyá àgbà fẹ́ dáàbò bo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n pa á. Bàbá àgbà gbá òkú ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, wọ́n pa òun náà. Wọ́n pa ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ Ha méjèèjì ni wọ́n pa kẹ́yìn. Nínú ènìyàn 13, àwọn 11 ni ó kú. Ọmọbìnrin Xia méjì ni ó ṣẹ́kù: ọ̀kan ọmọ ọdún 8, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún, àti àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 4. Ọjọ́ 14 ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá wọn, tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì yíyan àti ìrẹsì tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Báwo ni ayé ṣe mọ èyí? Àlùfáà ìjọ Kristi kan láti Amẹ́ríkà, John Magee, kò sá kúrò ní Nanjing nígbà tí ọ̀pọ̀ àjèjì sá. Òun ni alága ìgbìmọ̀ Red Cross tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kámẹ́rà kékeré kan tí ń ya fíìmù. Ó lọ sí ilé náà, ó ya ohun tí ó rí, ó sì kọ àlàyé tẹ̀ lé e. Kí òǹkàwé fiyè sí bí ó ṣe ṣe é. Aládùúgbò kan àti ìbátan kan ni wọ́n sọ ìtàn náà fún un. Kò gbà á bẹ́ẹ̀ kí ó sì máa lọ. Ó bi ọmọ ọdún 8 náà léèrè, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà tún èyí tí kò péye nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Fitch, rán àwọn fíìmù náà mọ́ inú aṣọ òtútù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1938, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láàrin àwọn ọmọ ogun Jàpáànì, ó sì gbé wọn dé Shanghai. Magee fúnra rẹ̀ jẹ́rìí ní Tokyo ní ọdún 1946.

Ẹ̀rí kejì wà, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè fẹ̀sùn ọ̀tá kàn. John Rabe jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Siemens, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler pàápàá. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tí ó dá agbègbè ìsádi sílẹ̀ fún àwọn aráàlú ní Nanjing. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1938, ó kọ ọ́ pé Magee ti rí ọmọbìnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 8, èkejì ọmọ ọdún 4, tí a ti pa àwọn ará ilé wọn ní ìpa ìkà. Jámánì àti Jàpáànì ti di ọ̀rẹ́ nígbà náà. Èrè wo ni ó wà fún Rabe láti fi irọ́ ba Jàpáànì lórúkọ jẹ́? Ìwé náà sì wà nínú ilé títí di ọdún 1996 kí ó tó jáde sí gbangba. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi kọ́ ọmọbìnrin kankan ní ohun tí yóò sọ.

Ní ọdún 1998, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, Higashinakano Shudo, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ń tú àwọn ẹ̀rí Nanjing wò. Nínú rẹ̀ ni ó ti kọ ọ́ pé Arábìnrin Xia Shuqin, ọmọ tí ó ti di ìyá àgbà, kì í ṣe ọmọ ọdún 8 tí Magee ya. Ìyẹn ni pé ẹlẹ́rìí èké ni. Orí kí ni ó gbé ọ̀rọ̀ ńlá yìí lé? Orí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Magee kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun náà fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin ọdún 7 sí 8. Ọ̀jọ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jàpáànì pé wọ́n gún un pa. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ṣe ìṣirò: ọmọ ọdún 7 sí 8 ti kú, ọmọ ọdún 8 kan yè, nítorí náà ẹni méjì ni wọ́n, obìnrin yìí kò sì lè jẹ́ èyí tí ó yè.

Kò sí ọmọdé Yorùbá tí kò mọ̀ pé gún kì í ṣe gún pa. Ẹ̀gún ń gún ènìyàn, abẹ́rẹ́ ń gún ènìyàn, a kò sì gbẹ́ sàréè. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé Magee fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ojú dúdú. Nínú àlàyé kan náà, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó sọ pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun lọ tán, ọmọ tí ó fara gbọgbẹ́ náà rá dé yàrá tí òkú ìyá rẹ̀ wà. Òkú kì í rá. Ẹni tí ó ka ìlà àkọ́kọ́ ni ó ní ìlà kejì níwájú, tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àṣìṣe ń bẹ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, gbogbo ẹni tí ó bá ti túmọ̀ ìwé rí ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í mọ ibi tí olówó rẹ̀ fẹ́ lọ, kí ó sì máa ṣáájú rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Arábìnrin Xia kò dákẹ́. Ó pe ẹjọ́ ní Nanjing, ẹjọ́ náà sì dé Tokyo ní ọdún 2006. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ilé ẹjọ́ ní Tokyo dá a láre. Adájọ́ ní kí òǹkọ̀wé náà àti ilé iṣẹ́ tí ó tẹ ìwé rẹ̀ san mílíọ̀nù 4 yen fún bíba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé irú ọwọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi mú àkọsílẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a lè pè ní èso ìwádìí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní ọdún 2008. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2009. Ará Ṣáínà kankan kò sí nínú àwọn adájọ́ wọ̀nyí. Ṣáájú rẹ̀, Arábìnrin Li Xiuying, tí Magee ya ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọgbẹ́ ọ̀bẹ ní gbogbo ara, ti jàre irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí òǹkọ̀wé mìíràn ní Tokyo ní ọdún 2002.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn tí wọ́n gba ìpakúpa náà gbọ́ pẹ̀lú ń ṣe àṣìṣe. Òtítọ́ ni. Kasahara Tokushi, òpìtàn Jàpáànì tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ Nanjing, fi àwòrán kan sínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1997, ó ní ó fi hàn bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń kó obìnrin lọ. Wọ́n fi hàn án pé inú ìwé ìròyìn Jàpáànì ti ọdún 1937 ni àwòrán náà ti wá, àti pé àwọn ará abúlé tí ó ń ti oko bọ̀ ni wọ́n sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Kí ni Kasahara ṣe? Ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ àwòrán náà, wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Ìwé rẹ̀ kò wó, nítorí pé kì í ṣe orí àwòrán kan ni ó kọ́ ọ lé. Èyí ni a fi ń mọ olùwádìí yàtọ̀ sí alágbàwí: ohun tí ó ń ṣe ní ọjọ́ tí ẹ̀rí bá yí padà sí i.

Ọ̀rọ̀ iye àwọn tí ó kú ni àwọn tí ń sẹ́ náà fẹ́ràn jù, nítorí pé òkùnkùn díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ Tokyo sọ pé ó lé ní 200,000. Ilé ẹjọ́ ológun tí ó jókòó ní Nanjing sọ pé ó lé ní 300,000. Rabe, nínú ìròyìn tí ó kọ ránṣẹ́ sí Hitler ní ọdún 1938, fojú bù ú sí 50,000 sí 60,000. Hata Ikuhiko, òpìtàn Jàpáànì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ojúsàájú sí Ṣáínà, sọ ní ọdún 1986 pé ó tó bí 40,000. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Ṣáínà, tí a mọ̀ sí Red Swastika Society (àmì ẹ̀sìn Búdà àtijọ́ ni orúkọ náà, kò bá Hitler tan), kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú 43,071 ni àwọn sin. Àwọn iye wọ̀nyí kò dọ́gba nítorí pé ohun tí wọ́n ń kà kò dọ́gba: àwọn kan ka inú ìlú nìkan, àwọn kan fi ìgbèríko kún un, àwọn kan ka ọmọ ogun tí a pa lẹ́yìn tí ó ti túúbá, àwọn kan sọ pé ojú ogun ni ó kú sí. Odò Yangtze sì gbé ọ̀pọ̀ òkú lọ tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn mú èyí tí ó kéré jù nínú gbogbo iye yìí. Kí ó mú 40,000. Kí ó to wọ́n sí ẹsẹ̀ ọ̀nà, àgbà àti ọmọ ọwọ́, kí ó rìn kọjá níwájú wọn láti àárọ̀, kí ó sì padà wá sọ pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Láti inú pé iye kò dọ́gba, a kò lè dé ibi pé ẹnikẹ́ni kò kú. Òpìtàn tí ó bá ń jiyàn láàrin 40,000 àti 200,000 ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gun orí iyàn wọn láti bọ́ sí òdo kò bá wọn ṣe iṣẹ́ kan náà.

Òótọ́ mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ro pé gbogbo ará Jàpáànì ni ó fi ọwọ́ bo ojú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, nígbà tí wọ́n rí i pé ogun ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn aláṣẹ ológun Jàpáànì pàṣẹ kí a jó ìwé, èéfín sì ń rú ní àgbàlá àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Bí ẹ̀rí ṣe kù lẹ́yìn iná náà, ọwọ́ àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Akọ̀ròyìn Honda Katsuichi lọ sí Ṣáínà ní ọdún 1971, ó bá àwọn tí ó yè sọ̀rọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Asahi.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti Kaikosha, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ológun àtijọ́. Ní ọdún 1984 wọ́n ké sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ó jà ní Nanjing pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ ránṣẹ́, kí a lè fi wẹ orúkọ ológun Jàpáànì mọ́. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí dé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí ń sọ bí wọ́n ṣe rí i tí a ń pa àwọn tí a ti mú, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ó ṣeé ṣe fún ẹgbẹ́ náà láti kó lẹ́tà náà sínú àpótí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n jáde, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta ọdún 1985, Katogawa Kotaro, tí ó jẹ́ olóòtú, kọ ọ́ pé kò sí àwáwí kankan, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Ṣáínà. Ẹ̀rí tí a wá láti fi dá ara ẹni láre, tí ó wá dá ẹni tí ó wá a lẹ́bi, tí ẹni náà kò sì gbé e pamọ́: ó ṣòro láti rí ẹ̀rí tí ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ono Kenji kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni, ní agbègbè Fukushima. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni ó ti ń lo àkókò ìsinmi rẹ̀ láti máa wá àwọn ọmọ ogun agbègbè rẹ̀ tí wọ́n lọ sí Nanjing kiri, tí ó ń kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé tí wọ́n kọ lójú ogun. Àwọn ìwé wọ̀nyí, tí ó tẹ̀ jáde pẹ̀lú òpìtàn kan àti akọ̀ròyìn kan ní ọdún 1996, ni ó sọ bí wọ́n ṣe yìnbọn pa àwọn òǹdè ogun lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ní etí odò Yangtze ní àárín oṣù Kejìlá ọdún 1937. Alẹ́ ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ ogun náà kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Iná ọdún 1945 kò dé inú àpótí wọn. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ni ó wà.

Ìbéèrè kan kù fún àwọn aláṣẹ Ṣáínà pẹ̀lú. Ní ọdún 1972, nígbà tí wọ́n ń bá Jàpáànì làjà, wọ́n fi ẹ̀tọ́ owó ìtanràn ogun sílẹ̀, láì bi àwọn tí ojú wọn rí i. Kò sí ilé ìrántí fún àwọn òkú Nanjing títí di ọdún 1985, lẹ́yìn tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Jàpáànì ń kà ní ọdún 1982. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fín iye 300,000 sára ògiri ilé ìrántí náà. Iye tí ilé ẹjọ́ sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n iye tí a bá ti fín sára òkúta, tí òpìtàn kò sì lè fọwọ́ kàn láìbẹ̀rù, ẹ̀bùn ni ó jẹ́ fún àwọn tí ń sẹ́, nítorí pé wọn yóò sọ pé òṣèlú ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ó kú kò nílò kí a ṣọ́ iye wọn bí ẹní ń ṣọ́ ẹnu bodè. Ẹ̀rí wọn tó fún wọn.

Ní ti ilé Xinlukou, ọmọ Xia kan ni ó jókòó níwájú adájọ́ ní Tokyo, pẹ̀lú àpá ọgbẹ́ lára rẹ̀. Nínú ìdílé Ha tí ó wà nínú ilé náà lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹnikẹ́ni kò kù láti pe ẹjọ́. Àwọn Mùsùlùmí Nanjing kó ẹgbẹ́ ìsìnkú tiwọn jọ ní ọdún 1938 láti máa sin àwọn òkú wọn. Ní ti onílé tí ó ṣí ilẹ̀kùn, nínú àlàyé tí Magee kọ, orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan ni ó wà, àti pé Mùsùlùmí ni.